Kí ọwọ́ lè tó ẹ́ńjìnnì: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí gígé fírémù máṣíìnì àtijọ́

Okun o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Kàbà, Ìjùmú, Bùnú, Yàgbà, Mọ̀pà àti Ọ̀wọ́rọ̀. Ìbéèrè lórí ọ̀rọ̀ fírémù yìí ti pọ̀, kálukú sì ń bi í lọ́nà tiẹ̀, ni mo bá ní kí n kó wọn jọ síbì kan kí n dáhùn wọn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ yín ló ti ní ayùn lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó bèèrè, ẹ kàn fẹ́ kí n sọ pé ẹ gé e ni. Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo yín o.

Kí ló tiẹ̀ lè mú èèyàn gbé ayùn sí fírémù máṣíìnì tó ń rìn dáadáa?

Ohun tó fà á ni pé lára àwọn máṣíìnì àtijọ́ kan, páìpù fírémù gba orí ẹ́ńjìnnì kọjá, ó sì sún mọ́ ọn débi pé tẹ́ ẹ bá tú gbogbo bóòtù ìdérí orí ẹ́ńjìnnì tán, ìdérí náà ò ní rọ́nà jáde, á kàn máa gbá irin lókè. Tí tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì bá jó, tàbí kámúṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, ti jẹ, ẹ máa kọ́kọ́ sọ gbogbo ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ ni. Èyí tí wọ́n mọ̀ jù nínú wọn ni Honda CB750 tó jáde ní 1969, sìlíńdà mẹ́rin, kámúṣáàfù kan lórí, 736 cc. Ẹ́ńjìnnì yẹn nìkan ń lọ sí bíi 80 kg. Iṣẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì lásán wá di iṣẹ́ géńdé mẹ́ta àti ṣéènì bílọ́ọ̀kì lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á máa pariwo "rọra, rọra" síra wọn, ẹnì kan á sì ṣáà fi ìka há a. Àwọn tó ń tún CB750 ṣe lókè òkun ti ń gé páìpù yẹn tipẹ́, wọ́n á wá sọ ọ́ di èyí tí wọ́n ń fi bóòtù dè, tí wọ́n bá fẹ́ ṣí orí ẹ́ńjìnnì wọ́n á tú u kúrò lọ́nà.

Ṣé máṣíìnì tèmi wà lára àwọn tó nílò ẹ̀?

Bóyá ni. Ẹ jẹ́ ká wò ó.

CG125 tí Honda gbé jáde láàárín ọdún 1970 sí 1979, èyí tí àwọn ará Ṣáínà ń ṣe irú ẹ̀ tó kún gbogbo páàkì wa, ibi tí èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣètọ́jú máṣíìnì ni wọ́n dìídì ṣe ẹ́ńjìnnì ẹ̀ fún. Ìsàlẹ̀ ni kámúṣáàfù ẹ̀ wà, ọ̀pá tín-ín-rín ló ń ti fáàfù lókè. Ẹ tú táǹkì, ẹ tú kábúrétọ̀, ẹ tú sàlẹ́ńsà, orí ẹ́ńjìnnì á jáde níbi tó wà. Kí lẹ wá fẹ́ gé?

Suzuki A100 àti AX100, tú-sítírọ́ọ̀kì ni, kò ní fáàfù lórí rárá, ìdérí lásán ló wà níbẹ̀. Honda 50, 70 àti 90, èyí tí àwọn kan ń pè ní máṣíìnì obìnrin, bóòtù méjì ló so ẹ́ńjìnnì mọ́ fírémù ẹ̀, ọmọ iṣẹ́ tó bá mọ̀ ọ́n ṣe á sọ ọ́ kalẹ̀ kí omi tíì tó hó. Fírémù ẹ̀ gan-an kì í ṣe páìpù, páànù irin tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ ni, tẹ́ ẹ bá gé e ẹ ti bà á jẹ́ nìyẹn. Jórinjórin tó bá ní òun máa "ṣí ojú" fírémù Honda 90 fún yín, owó ọjà ló ń wá.

Àwọn tó kù ni àwọn Honda, Kawasaki, Yamaha àtijọ́ tí ẹ́ńjìnnì wọn tóbi, tí kámúṣáàfù wọn sì wà lókè, àti àwọn BSA, Triumph, Norton tí àwọn bàbá wa fi sílẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀rọ̀ tàwọn Gẹ̀ẹ́sì yẹn yàtọ̀, mo máa dé ibẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, tápẹ́ẹ̀tì CB750 mi, ibi tí wọ́n ti ń ṣàtúnṣe àlàfo fáàfù, ló ń dún, mẹkáníìkì ní kí n jẹ́ ká gé fírémù ká lè rí i ṣe.

Àbúrò, ẹ má gbà. Wọ́n ò ṣí ìdérí ńlá kí wọ́n tó ṣe tápẹ́ẹ̀tì CB750. Ẹ wo ìdérí yẹn dáadáa, ẹ máa rí àwọn ìdérí róbótó kéékèèké lórí ẹ̀, ọ̀kan fún fáàfù kọ̀ọ̀kan, ẹ fi sípánà ṣí wọn, ibẹ̀ ni tápẹ́ẹ̀tì wà. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù, àárọ̀ kùtù ló dáa jù. Àlàfo ẹ̀ jẹ́ 0.05 mm fún fáàfù tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, 0.08 mm fún èyí tó ń tú èéfín jáde. Iye ìyẹn náà ò ju kí ẹ ra fílà géèjì kan lọ, irin fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí gùn ni pé ìdajì àwọn tó ń bèèrè nípa gígé fírémù, ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ò béèrè fún gígé.

Kò sí bí mo ṣe lè ṣe é láìgé ohunkóhun?

Ó wà o, òun gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Dípò kẹ́ ẹ máa gbé ẹ́ńjìnnì jáde nínú fírémù, fírémù ni kẹ́ ẹ gbé kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Ẹ tú táǹkì, kábúrétọ̀, sàlẹ́ńsà, ṣéènì, wáyà, bátìrì, ẹ fa ọ́ìlì kúrò pátápátá. Ẹ to táyà àlòkù méjì mẹ́ta sílẹ̀, ẹ da aṣọ bò wọ́n, kẹ́ ẹ wá rọra dá máṣíìnì náà dùbúlẹ̀ lórí wọn, ní ẹ̀gbẹ́ tí ìwé máṣíìnì yín bá sọ pé ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde. Ẹ yọ àwọn bóòtù tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ fírémù, ẹni méjì á wá gbé fírémù sókè, ẹ́ńjìnnì á jókòó sórí táyà níbẹ̀. Fírémù tí wọ́n ti tú nǹkan ara ẹ̀ kúrò fúyẹ́ ju ẹ́ńjìnnì lọ dáadáa. Ẹ ò nílò ṣéènì bílọ́ọ̀kì, ẹ ò nílò igi máńgòrò, ẹ ò sì ní fi ẹ̀yìn ṣèṣe.

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún mélòó kan lẹ ń ṣí orí ẹ́ńjìnnì, ẹ dúró síbí, ẹ má kà á síwájú mọ́. Ẹni tó bá ń fi máṣíìnì yẹn sáré ìdíje, tàbí tó ń dán ẹ́ńjìnnì wò tó ń ṣí i tó ń dé e ní gbogbo ìgbà, òun ni gígé fírémù bá mu.

Ó dáa, mo ti gbọ́, mo ṣì fẹ́ gé e. Irin wo ni mo lè gé, èwo ni mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn?

Kẹ́ ẹ tó mọ èyí ẹ gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ tí irin kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Tẹ́ ẹ bá di bíréèkì iwájú mú, tàbí táyà iwájú bọ́ sínú kòtò, fọ́ọ̀kì fẹ́ padà sẹ́yìn. Ó ń fi agbára yí ọrùn fírémù, níbi tí hándù ti ń yí, ìsàlẹ̀ ọrùn ń lọ sẹ́yìn, òkè ọrùn ń lọ síwájú. Torí náà irin òkè ni wọ́n ń fà, bí ìgbà tí ewúrẹ́ méjì bá ń fa okùn, irin iwájú tó sọ̀ kalẹ̀ síwájú ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń tì. Èyí ṣe pàtàkì torí pé ojú ìsopọ̀ tí wọ́n bá ń tì lè fara dà á tí kò bá fi bẹ́ẹ̀ dáa, èyí tí wọ́n bá ń fà á já.

Ọrùn fírémù àti ibi tí páìpù gbogbo ti pàdé níbẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má tilẹ̀ fi iná sún mọ́ ọn. Irin ńlá tó wà láàárín lábẹ́ táǹkì, tó dà bíi eegun ẹ̀yìn, ẹ má gé e. Àwọn páìpù tó kéré sí i tó gba ẹ̀gbẹ́ orí ẹ́ńjìnnì kọjá, òun ni wọ́n ń gé. Ẹ má gé e níbi tó ti tẹ̀, ẹ má gé e níbi tí páànù irin ti jókòó lé e láti fún un lágbára, ibi tó bá gún gbọnrangandan ni kẹ́ ẹ gé, kẹ́ ẹ sì gé kìkì ibi tí ìdérí máa gbà jáde. Àwọn kan máa ń wí fún mi pé ẹni tó máa joyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹ jọ̀ọ́, àáké nìyẹn, fírémù nìyí, ẹ̀yin lẹ máa jókòó lé e.

Irin ìsàlẹ̀ ńkọ́? Mo rí i pé ó rọrùn láti gé jù.

Ó rọrùn lóòótọ́, ilé iṣẹ́ gan-an ló sì kọ́kọ́ ṣe é. Honda CB900F ti 1979, páìpù ìsàlẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀, bóòtù ni wọ́n fi dè é láti ilé iṣẹ́, tẹ́ ẹ bá tú u ẹ́ńjìnnì á yọ́ jáde. Suzuki Bandit náà ní irú ẹ̀. Bí ìṣòro yín bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì wúwo láti gbé gba orí irin ìsàlẹ̀ jáde, ọ̀nà tó bọ́gbọ́n mu nìyẹn. Àmọ́ ẹ rántí pé kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ ṣí orí ẹ́ńjìnnì láìsọ ọ́ kalẹ̀, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe ojú ibi tó máa ń tú yẹn gan-an?

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Gígé ò ṣòro, ọmọ kékeré lè fi ayùn irin gé páìpù. Ẹni tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ wá kì í ṣe jórinjórin o, tọ́nà ni, ẹni tó ní léètì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin.

Ẹ jẹ́ kó fi irin tó dì, kì í ṣe páìpù, gbẹ́ ìdí mẹ́rin fún páìpù kan, méjì fún ojú iwájú, méjì fún ojú ẹ̀yìn. Ìdí kọ̀ọ̀kan máa wọ inú páìpù ṣinṣin, kò gbọ́dọ̀ mì, kó wọlé tó ìlọ́po kan àbọ̀ fífẹ̀ páìpù ó kéré tán. Kó gbẹ́ orí tó wà nínú páìpù yẹn kó rí ṣóńṣó díẹ̀, torí ibi tí irin líle bá parí lójijì nínú irin fẹ́lẹ́ ni páìpù ti máa ń sán. Ojú tó yọ síta ni kí ẹ gé ní ìdajì ìdajì, kí ọ̀kan gorí ìkejì, kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra bí ẹnì kan ò bá mọ̀ á rò pé irin kan ni. Bóòtù méjì ló máa gba àárín wọn kọjá, M8, èyí tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí. Ẹ má lo bóòtù gbẹ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń kan ilẹ̀kùn, ẹ má sì jẹ́ kí ibi tí nọ́ọ̀tì ń yí lé bọ́ sí ojú ibi tí irin méjèèjì ti pàdé, ibi tó dán lára bóòtù ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ihò gbọ́dọ̀ gba bóòtù náà gẹ́lẹ́, tí bóòtù bá ń ṣeré nínú ihò, ojú ọ̀nà á máa gbọ̀n ọ́n títí ihò á fi fẹ̀. Nọ́ọ̀tì tó ní ọ̀rá nínú ni kẹ́ ẹ fi dè é.

Kẹ́ ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ fi irin áńgù jó fírémù mọ́ra fún ìgbà díẹ̀, láti ọrùn dé ibi ìjókòó, kó má lè sún. Ẹ gé ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ parí ẹ̀ pátápátá kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà tẹ́ ẹ bá sì ń jó o, kí ojú ìsopọ̀ náà wà ní dídè pẹ̀lú bóòtù nínú, ẹ má jó ìdí kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kẹ́ ẹ wá máa fi òòlù wá ihò bóòtù lẹ́yìn. Ẹ lu ihò méjì sára páìpù níbi tí ìdí wà nínú, kí jórinjórin kún ihò yẹn, lẹ́yìn náà kó wá jó ẹnu ẹ̀ yíká. Tó bá lè jẹ́ pé ẹnu yẹn dagun díẹ̀, kó má gé tẹ́ẹ́rẹ́ yípo, ó dáa jù bẹ́ẹ̀.

Jórinjórin àdúgbò wa lè ṣe é?

Ọ̀pọ̀ lè ṣe é, tó bá jẹ́ ẹni tó ní sùúrù tí iná ò sì ń lọ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ìdajì iṣẹ́, torí náà ẹ béèrè bóyá jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Fírémù Japan kò nípọn, élẹ́kítírọ́ọ̀dì 2.5 mm tí wọ́n ń pè ní géèjì 12 ló bá a mu, kó dín iná kù, kó máa kán an díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, kó má fi iná kan ibì kan títí. Kó kọ́kọ́ ha ọ̀dà kúrò títí irin funfun á fi hàn. Ẹ má jẹ́ kó bu omi sí i kó lè tètè tutù, àṣà burúkú gbáà nìyẹn, ó ń sọ irin di gbígbẹ tó lè sán. Ẹ jẹ́ kó tutù fúnra ẹ̀.

Táǹkì epo gbọ́dọ̀ ti jìnnà síbẹ̀, bátìrì gbọ́dọ̀ ti kúrò, wáyà áàtì ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń jó gan-an, tí ẹ bá fi kọ́ rímù iná á gba inú béárìn kọjá, á jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní máṣíìnì Gẹ̀ẹ́sì, ibi tọ́rọ̀ yín wà nìyí. Púpọ̀ nínú fírémù BSA, Triumph àti Norton àtijọ́, bíráàsì ni wọ́n yọ́ láti fi so páìpù mọ́ ìdí irin. Bí élẹ́kítírọ́ọ̀dì bá kan ibi tí bíráàsì wà, ibẹ̀ á dà bí ẹni pé ó mú, lẹ́yìn náà á sán. Gáàsì ló bá wọn mu, irú èyí tí àwọn paneli-bítà fi kábáìdì ṣe, pẹ̀lú ọ̀pá bíráàsì. Tó bá jẹ́ Norton tí wọ́n kọ Reynolds 531 sí lára, irin pàtàkì ni o, 1935 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, kò fẹ́ iná tó pọ̀ jù rárá. Èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ má gé e.

Ṣé àwọn tó ṣe máṣíìnì yìí nílé iṣẹ́ ò rí ìṣòro yìí ni?

Wọ́n rí i, nígbà míì ó tilẹ̀ bá àwọn gan-an lójijì. Ní 1971 tí Triumph gbé fírémù tuntun jáde, èyí tí ọ́ìlì ń gbé inú páìpù ẹ̀, wọ́n fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì sí i, ẹ́ńjìnnì ò wọlé! Àfi kí wọ́n tú ìdérí fáàfù kúrò kí wọ́n tó gbé e sí i, lẹ́yìn náà kí wọ́n wá dé e nínú fírémù. Ilé iṣẹ́ ńlá nìyẹn o, pẹ̀lú gbogbo àwọn tó ń yàwòrán.

Ẹ gbọ́ ò, ẹ má gé fírémù Triumph yẹn láéláé, inú ẹ̀ ni ọ́ìlì wà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá fírémù ò wọ́ lẹ́yìn iṣẹ́?

Okùn apẹja. Ẹ gbé máṣíìnì dúró gún, ẹ fa okùn láti ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn lọ síwájú, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, ní gíga kan náà. Kó fara kan táyà ẹ̀yìn níwájú àti lẹ́yìn. Táyà iwájú sábà máa ń tín-ín-rín ju tẹ̀yìn lọ, torí náà àlàfo díẹ̀ á wà, ó kàn gbọ́dọ̀ dọ́gba ní ọ̀tún àti òsì. Lẹ́yìn náà ẹ dúró sẹ́yìn, ẹ fojú wo ọrùn fírémù àti táyà ẹ̀yìn, kí méjèèjì dúró bákan náà. Bóòtù tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ fírémù náà máa ń sọ òótọ́, tó bá ti ń wọlé tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó wá di pé òòlù lẹ fi ń gbá a báyìí, nǹkan ti sún.

Títì wa ńkọ́? Èmi Kàbà sí Obajana ni mo máa ń gbà.

Ẹ mọ̀ pé àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì ti ba ibẹ̀ jẹ́ gan-an nígbà kan, kí wọ́n tó fi kọnkéré ṣe é, àmọ́ títì wa tó kù ṣì ń gbọn bóòtù. Lẹ́yìn bíi 100 km àkọ́kọ́ ẹ fún gbogbo bóòtù yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn ìyẹn ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì. Ọ̀dà tó mọ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi kùn ún, funfun tàbí eérú, dúdú máa ń bo sísán mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá rí ìlà ìpẹtà tín-ín-rín kan nínú ọ̀dà, ẹ dúró níbẹ̀.

Ọ̀nà tí àwọn àgbà fi ń wá sísán nìyí: ẹ fọ ojú ibẹ̀ mọ́, ẹ fi kẹrosíìnì pa á, ẹ fi í sílẹ̀ díẹ̀, ẹ nù ún kó gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ wá lọ ṣọ́ọ̀kì tàbí ẹfun kẹ́ ẹ fi kùn ún. Tí ibẹ̀ bá sán, kẹrosíìnì tó sá sínú ẹ̀ á jáde, á ya ìlà sára ẹfun yẹn.

Tí òjò bá ti ń rọ̀, ẹ fi gíríìsì sí ojú ìsopọ̀ kí omi má bàa wọ inú páìpù.

Ọlọ́pàá àti ìwé ńkọ́?

Nọ́ńbà fírémù wà ní títẹ̀ sára irin, lára ọrùn fírémù ló sábà máa ń wà. Gíráńdà ò gbọ́dọ̀ débẹ̀, ọ̀dà tó nípọn náà ò gbọ́dọ̀ bò ó. Ìwé yín àti nọ́ńbà yẹn ni wọ́n máa wò, tí wọ́n bá rí i pé wọ́n ti ha ibẹ̀, àlàyé gásíkẹ́ẹ̀tì ò ní gbà yín.

Ṣé kò ní dín owó ẹ̀ kù tí mo bá fẹ́ tà á?

Ó máa dín in kù, pàápàá tó bá jẹ́ CB750 ti ìbẹ̀rẹ̀ 1969. Nǹkan bíi 7,400 àkọ́kọ́, inú yanrìn ni wọ́n ti da kéèsì ẹ́ńjìnnì wọn, àwọn tó ń kó máṣíìnì àtijọ́ jọ lágbàáyé ń wá wọn lójú méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá ní irú ẹ̀, ẹ gbé ayùn yẹn padà fún ẹni tó ni ín.

Tí mo bá ti gé e tí mo dè é, ṣé mo ṣì lè fi gbé iṣu láti oko?

Ṣé ẹ fẹ́ fi CB750 gbé iṣu ni? Fírémù tí wọ́n ṣe dáadáa lè gbé ẹni méjì, kò sí wàhálà. Àpò iṣu méjì lẹ́yìn, ẹnì kan lórí ẹ̀, ọ̀nà oko Yàgbà pẹ̀lú gbòǹgbò igi lójú ọ̀nà, rárá o. Ẹ fún ọlọ́kadà tó ní Boxer lówó, kó bá yín gbé e délé.